Bí Wọ́n Ṣe Fẹ́ Mọ Mí Mọ́ Ògiri ní Ìlú Ìgbọ̀nrìrì

Ẹ̀yin ará, ẹ káàárọ̀, ẹ kú ọyẹ́. Mo rí i pé oníkálùkù yín ló gbé ìkòkò ẹ̀yinná tirẹ̀ wá sí ìdí ọsàn mi yìí, tí ẹ sì há a mọ́ àárín itan bí ẹni tí ń ṣọ́ adìyẹ tó sàba. Pópóọlá tilẹ̀ fi agbádá bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò burú, ẹ jókòó bó ṣe wù yín. Kí èéfín yín ṣá má wọ ojú mi, nítorí ojú tí ẹ ń wò yìí ti rí ohun tí ojú gbogbo yín pa pọ̀ kò rí, mi ò sì ní òmíràn nípamọ́.

Èmi ni Ọdẹ́jìmí, ọkọ Àwẹ̀ró. Èmi ni ẹfọ̀n ń rí lóókan tí ó ń rántí pé òun gbé nǹkan sórí iná nílé. Àwẹ̀ró tó jókòó lẹ́yìn yẹn ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má dá a lóhùn. Obìnrin tó bá ti bá ọdẹ gbé pẹ́, etí rẹ̀ ti kún, kò sí àyè fún òótọ́ mọ́.

Lọ́dún tí mo fẹ́ sọ yìí, Àwẹ̀ró ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí wa ni. Ó gbójú sókè láti orí ẹní, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹran ìkómọ dà?" Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni pè mí bẹ́ẹ̀ nìyẹn, orí mi sì wú. Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, pé kí wọ́n tó gbé ọmọ jáde, màá ti gbé ẹtu dé. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́, ẹnu náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Mo wọ igbó lọ, ṣùgbọ́n ẹtu tí mo pàdé lọ́jọ́ náà kò hùwà ẹtu. Bí mo bá rẹ ìbọn sílẹ̀, á dúró, á gbé ẹsẹ̀, á máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò bí ẹni tí ẹ̀gún gún. Bí mo bá na ìbọn, á tún kọrí síwájú. Ó mú mi la igbó kan tí àwọn igi ibẹ̀ ń wúkọ́. Ó mú mi gun orí odò kan tó dì gbagidi, tí àwọn ẹja inú rẹ̀ ń wò mí láti ìsàlẹ̀ bí ẹni ń wo àlejò lójú fèrèsé. Nígbà tó yá, mo rí i pé èémí mi ń jáde lẹ́nu ní funfun. Mo rò pé ọkàn mi ló ń bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo bá pa ẹnu dé.

Bí mo ṣe dé ẹnu bodè ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ìgbọ̀nrìrì nìyẹn. Ọyẹ́ tó ń bẹ̀ wá wò lọ́dọọdún yìí, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ni ó ń wá ṣeré. Oníbodè méjì gbé ọ̀kọ̀ sí mi láyà. Ọ̀kan fọwọ́ kàn mí, ó sì lọgun.

"Yéè! Ara rẹ̀ gbóná!"

Èkejì ju ọ̀kọ̀ sílẹ̀, ó kì ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ apá mi. "Ó gbóná lóòótọ́! Má dá a mú o, fi apá ọ̀tún sílẹ̀ fún mi!"

Ìjà ni wọ́n jà lé mi lórí títí dé ààfin. Ọba wọn, Afinámọ́ra, wà lórí ibùsùn lábẹ́ awọ ẹran tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé imú rẹ̀ nìkan ni mo rí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún imú.

Imú náà bi mí pé, "Ta ni ó ni ọ́?"

"Kábíyèsí, Àwẹ̀ró ló ni mí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ẹran ìkómọ ni mo ń wá tí mo fi ṣìnà débí."

"Láti òní lọ, èmi ni mo ni ọ́. Ààrò ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni ọ́. Ẹ gba ìbọn àti fìlà rẹ̀, ẹ gbé e wọlé, kí ẹ sì máa fún un lóúnjẹ kí ó má baà kú."

Ẹ̀yin tí ẹ ń sùn lórí ẹní yín, mo kí yín o! Ẹ̀yìn ọba ni mo ń fi ẹ̀yìn tì sùn. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá gbóná, ikùn rẹ̀ á máa tutù. Bí ó bá yí ikùn sí mi, ẹ̀yìn á fi igbe ta. Ó ní ìyà ni mo fi ń jẹ òun. Ìjòyè kan wá dá a nímọ̀ràn pé rírìn tí mo ń rìn káàkiri ló ń fi ooru mi ṣòfò. Bí wọ́n bá mọ mí mọ́ ògiri, tí orí mi yọ síta kí n lè máa jẹun, gbogbo yàrá ni yóò gbóná. Ọba ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Wọ́n ránṣẹ́ pe mọlémọlé kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í po amọ̀.

Mo sunkún, ẹ̀yin ará. Èmi tí ẹfọ̀n ń sá fún, mo sunkún bí ọmọdé, nítorí mo rí ọmọ mi lójú ọkàn, tí wọ́n gbé e jáde, tí gbogbo àdúgbò ń wojú ara wọn pé baba rẹ̀ dà. Omijé náà dì sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́, ọba sì ní kí n yé fi ooru òun ṣòfò.

Láràárọ̀ wọn a gbé mi síta láti sá mi sóòrùn, bí ẹní tí ọmọ tọ̀ sí. Níbẹ̀ ni mo ti rí ìlú náà. Iná ni ọlá ní Ìgbọ̀nrìrì. Ilé kọ̀ọ̀kan ní iná tirẹ̀, iná náà ní orúkọ, ó ní oríkì, òun ló sì ni yàrá tó dára jù. Igi ìdáná ń sùn nínú ilé kí ìrì má baà sẹ̀ sí i. Onílé ń sùn lọ́ọ̀dẹ̀ nítorí kò sí àyè mọ́. Ẹnì kan nínú ilé kọ̀ọ̀kan kò níṣẹ́ méjì ju kí ó máa fẹ́ná lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn sì ti wú títí tí ojú ti wọ inú lọ. Wọ́n ti gé igbó tán. Wọ́n ti sun àga, wọ́n ti sun ilẹ̀kùn. Mo rí bàbá arúgbó kan tó ń gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ mọ́ àyà sùn, kí ìyàwó rẹ̀ má baà fi dáná. Ilé tí kò bá tutù, jíjó ni ó ń jó. Èéfín sì pọ̀ débi pé èèyàn ń kí ewúrẹ́ kú ìkálẹ̀, ewúrẹ́ náà a sì dáhùn, nítorí ó ní ẹ̀kọ́ ilé.

Èyí tó burú jù ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yáná ẹlòmíràn. Ẹni tó bá na ọwọ́ sí iná tí kì í ṣe tirẹ̀, olè ooru ni. Onígbàjámọ̀ á fá ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀, wọn a sì dá a dúró sí gbangba títí irun náà yóò fi hù padà. Ẹ gbọ́, ìlú kan wà láyé yìí tí wọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ fífọnná!

Obìnrin kan ń gbé lẹ́bàá ààfin, Ìbídùn amọ̀kòkò. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ ni ó na ọwọ́ sí iná ààfin lọ́dún kan. Wọ́n fá a lórí, wọ́n dá a dúró síta, irun náà kò sì hù kí òtútù tó pa á. Ìbídùn wá bá mi níbi tí wọ́n sá mi sí.

"Ìwọ ààrò, pẹ̀lẹ́ o."

"Ìyá, Ọdẹ́jìmí ni orúkọ mi."

"Ọdẹ́jìmí, wo òkè pupa tó wà lókè lọ́hùn-ún. Àgbẹ̀dẹ iwin kan ni. Kò sígi tí mo lè fi sun ìkòkò mi mọ́, ni mo bá gbìyànjú láti gùn ún. Kí n tó dé ìdajì rẹ̀, mo ti bọ́ ìborùn mi."

"Èé ṣe tí ẹ kò sọ fún ọba?"

"Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní iná ẹlòmíràn ni."

Mo padà wọlé, mo bi imú ọba pé bí mo bá wá ooru tí yóò mú ẹ̀yìn àti ikùn lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé yóò dá mi sílẹ̀? Imú náà rò ó, ó sín, ó ní, "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, máa lọ sílé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, amọ̀ ti wà nílẹ̀."

Mo gun òkè náà. Iwin tí mo bá níbẹ̀ ń jẹ́ Ẹwìrì-kì-í-sinmi. Ó ga bí àràbà, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ bí ìṣàn odò, irùngbọ̀n rẹ̀ a máa gbiná lóòrèkóòrè, á sì fọwọ́ gbá a pa láìdá ọ̀rọ̀ dúró. Ìṣó tí wọ́n fi kan ojú ọ̀run mọ́ ibi tó wà ni ó ń rọ. Bí ó bá dáwọ́ dúró, ojú ọ̀run á jábọ́.

"Ooru fẹ́ pa mí o! Ta ni yóò bá mi gbé e kúrò?" Bó ṣe rí mi ló ranjú. "Ọmọ ènìyàn, já àlọ́ mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ owú tí mo fi ń lu irin yìí kò tíì jẹun lónìí. Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ, tí o fún aládùúgbò, tí ó gbé e lọ sílé rẹ̀, tí tìrẹ kò sì dín?"

"Èébú ni," mo dá a lóhùn kíá.

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí ìṣó mẹ́ta fi ṣẹ́. "Òótọ́ ni! Èébú kì í dín! Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló wà lọ́kàn mi." Ó gbé owú.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí owú ga lórí mi ni mo rántí ìyá mi. Bí ààrò wa bá kú, á ní, "Ọdẹ́jìmí, sáré lọ fọnná nílé kejì." Màá bu ẹ̀yinná sórí àpáàdì, màá sì máa sáré bọ̀, iná tiwọn a sì máa jó lọ bí ẹni pé n kò dé ibẹ̀.

"Iná ni!" mo pariwo. "Ohun tí mo sì wá gbà lọ́wọ́ rẹ nìyẹn. Ooru tí ò ń dà nù lókè níbí, òun ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ kú nísàlẹ̀."

Iwin náà sọ owú kalẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó bojú wo Ìgbọ̀nrìrì nísàlẹ̀. "Láti ọjọ́ yìí wá, mo ń rí i tí wọ́n ń gbọ̀n. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń bẹ̀rù." Ó bú sẹ́kún, ó ní kí n máa gbé ooru náà lọ.

Ọ̀rọ̀ ku bí ooru yóò ṣe sọ̀kalẹ̀, nítorí a kì í fi agbọ̀n ru ooru. Ìbídùn ló rí i. Ó ní omi ni ká rán, pé omi mọ iṣẹ́ jẹ́. Òun àti àwọn amọ̀kòkò mọ ọ̀pá amọ̀ oníhò, wọ́n sun ún níná iwin, wọ́n so ó pọ̀ láti orí òkè dé ìlú, wọ́n fi koríko gbígbẹ dì í, wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀ kí ooru má baà sá lójú ọ̀nà. Omi á hó lórí òkè, á sọ̀kalẹ̀, á ya wọ ilé kọ̀ọ̀kan, á yí ẹsẹ̀ ògiri ká, á gba ihò kejì jáde, á sì padà sókè ní tútù lọ gbé ooru mìíràn. Ẹwìrì tí iwin fi ń fẹ́ná ló ń tì í. Omi kan náà ni nígbà gbogbo, a kì í bù ú, a kì í mu ún.

Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀. Bàbá tó ń gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ sùn dìde. "Iná tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ń kọ́? Ṣé kí n sọ fún un pé kí ó kẹ́rù rẹ̀? Báwo ni màá sì ṣe mọ ooru tèmi yàtọ̀ sí ti aládùúgbò?"

"Bí ó bá ti gbóná, tiyín ni, bàbá," Ìbídùn wí.

Ilé Ìbídùn ló kọ́kọ́ gbóná. Wọ́n wá yọjú, wọ́n fọwọ́ kan ògiri, wọ́n sáré lọ sílé lọ gbẹ́ ihò. Láìpẹ́, gbogbo ìlú gbóná láti orí iná kan ṣoṣo, ẹni kan ṣoṣo ló sì ń fẹ́ ẹ. Àwọn tó ń fẹ́ná sinmi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn fọn, ojú wọn yọ síta. Igi ìdáná jáde nílé, onílé wọlé. Ilé kò jó mọ́. Bí èéfín ṣe ká kúrò, wọ́n rí ara wọn, ọkùnrin kan sì rí i pé ilé tí òun ti ń jẹun láti ọjọ́ yìí kì í ṣe ilé òun. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ẹ̀yin ará. Bí ẹnì kan bá fi ìka kan ṣoṣo sọ ọ́, àyà ni yóò máa dùn ún.

Ẹ̀yìn ọba gbóná, ikùn ọba gbóná. Ó gbé awọ kúrò, mo rí i pé ó ní ojú. Mo ti ń so bàtà mi láti máa lọ sílé nígbà tí ọba rí ihò kejì.

"Kí ló ń gba ibẹ̀ jáde?"

"Omi tó ń padà ni, Kábíyèsí."

Bí mo ṣe kẹ́yìn sí i báyìí, ó mú ìrọ̀rí rẹ̀, ó kì í bọ ihò náà pinpin, kí ooru òun má baà dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ti mọ̀ báyìí; èmi kò mọ̀ nígbà náà. Omi tí kò rọ́nà lọ, kò lè rọ́nà wá. Ó dúró sójú kan, ó tutù, ọba sì tutù.

"Ọdẹ purọ́ fún mi! Ẹ mọ ọ́n mọ́ ògiri!"

Mọlémọlé bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ mi. Amọ̀ dé orúnkún, ó dé ìbàdí, ó dé àyà. Mọlémọlé kò yé bẹ̀ mí. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo lọ́mọ nílé."

"Èmi náà lọ́mọ nílé," mo wí. Àwa méjèèjì kò tún lè wo ojú ara wa.

Amọ̀ ti dé ọrùn mi nígbà tí Ìbídùn wọlé láìkan ilẹ̀kùn. "Kábíyèsí, ẹ dá a dúró. Ilé mi gbóná."

"Irọ́ ni! Bí ti ọba bá tutù, ta ni tirẹ̀ á gbóná?"

"Ẹ wá fi ọwọ́ ara yín kàn án."

Ọba ní òun kò lọ yáná o, òun fẹ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ó gbọ̀n jáde. Mo ní wọn kò ní fi mí sílẹ̀ sẹ́yìn. Amọ̀ tí mọlémọlé fi mọ mí ti dì nítorí òtútù ààfin, kò lẹ̀ mọ́ ògiri gidi. Mo fi gbogbo agbára ọdẹ fa ara mi, ògiri já, ó bá mi lọ. Ẹ ti rí ẹni tó wọ agbádá, ẹ ti rí ẹni tó wọ dàńṣíkí. Èmi wọ ògiri, mo sì ń yí gbirigbiri tẹ̀lé ọba láàárín ìgboro.

Ọba wọ ilé Ìbídùn, mo yí wọlé tẹ̀lé e. Ó fọwọ́ kan ògiri. Eyín rẹ̀ tó ń gbá ara wọn láti ìgbà tí wọ́n ti bí i dákẹ́. "Mo ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò," ó wí, ó sì jókòó. "Mo ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò," ó tún wí, ó sì fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní opó. Kò pẹ́ tó ń han-an-run.

Ìlú kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn mọ òfin, onígbàjámọ̀ sì ti yọ abẹ nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Níbẹ̀ ni ooru ilé Ìbídùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ amọ̀ ara mi. Ọ̀kan já bọ́, òmíràn já bọ́, odidi ìpín ògiri kan sì bọ́ lé ọba lẹ́sẹ̀. Ó ta jí. Ó rí abẹ, ó rí àwọn èèyàn rẹ̀, ó rí ibi tí òun sùn sí.

"Mo wá... Mo kàn wá..." Ó wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, kò rí i, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ náà ní ìlú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún Ìbídùn lọ́jọ́ tí a ń mọ ọ̀pá, nígbà tí mo sọ ti àlọ́ iwin fún un. Ìbídùn kọjú sí onígbàjámọ̀.

"Kábíyèsí kò jalè," ó wí. "Wọ́n wá fọnná ni. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí ara wọn móoru." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọkọ mi náà, fífọnná ló wá."

Ọba sunkún, omijé náà kò sì dì. Ó ṣí adé, ó tẹ orí fún onígbàjámọ̀. "Fá ẹ̀gbẹ́ kan." Wọ́n fá a. Pẹ̀lú orí fífá àbọ̀ náà ló rìn padà sí ààfin, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìrọ̀rí yọ, omi sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí olè ooru ní Ìgbọ̀nrìrì mọ́.

Wọ́n dá ìbọn àti fìlà mi padà. Mo sáré. Ẹtu ọjọ́sí dúró lẹ́nu bodè, ó ń yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí n bá fi ọwọ́ mú un. N kò tilẹ̀ bojú wò ó. Ilé ni mo ń lọ.

Bí mo ṣe wọ agbo ilé wa, wọ́n ń gbé ọmọ jáde. Ọyẹ́ mú láàárọ̀ náà bí ó ṣe mú lónìí yìí. Ọmọ ń ké, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwẹ̀ró rí mi pẹ̀lú amọ̀ lọ́rùn, lọ́wọ́ òfo.

"Bàbá ọmọ mi, ẹran dà?"

Mo ṣí ẹ̀wù, mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e mọ́ àyà. Ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó mí kanlẹ̀, ó sì sùn. Ara yìí kan náà ni ọba fẹ́ fi amọ̀ bò. Ọjọ́ náà ni mo tó mọ ẹni tí Ọlọ́run tìtorí rẹ̀ fi ooru sí mi lára.

Ohun tí mo fojú rí tí mo fi ẹnu kó wá fún yín nìyẹn. Pópóọlá, kí lo wá ń bò mọ́lẹ̀ lábẹ́ agbádá? Gbé e síbí, dà á sílẹ̀. Ẹ̀yin yòókù, ẹ da tiyín lé e. Ṣé ẹ rí i bí ó ṣe ń jó? Ó yá, ẹ sún mọ́ iná. Àwẹ̀ró, sún mọ́ ibí. Mo mọ ohun tí o fẹ́ bi mí. Ẹran kò tíì dé. Jókòó, iná wà.